Gọ̀gọ̀ Bọ́tìnnì

Ọjọ́ tí mo mú Bọ́tìnnì wálé, ojú mi rí màbo lọ́wọ́ ọkọ mi. Ẹṣin kékeré ni, kò ga ju ìbàdí mi lọ, gọ̀gọ̀ irun ọrùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Hilarión ọkọ mi, tó fi ogójì ọdún kọ́ ẹṣin olóríkunkun títí wọ́n fi gba gàárì, ó wò ó tòkè-tilẹ̀.

"Ìyá Delia, ta ló ta ajá yìí fún ọ?"

"Màmá Herminia ni. Ẹṣin ni, Bàbá Delia."

"Ṣé ó ti gbó lónìí?"

Àtìgbà tí Delia ti kó lọ sí Buenos Aires ni ilé ti pa lọ́lọ́, mo sì fẹ́ràn ẹṣin yẹn bí ojú. Ìbẹ̀rù kan ṣoṣo tí mo ní ni Màmá Herminia. Ọdún méje ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya gọ̀gọ̀ yẹn. Ó ní, "Ọjọ́ Àìkú ni n ó wá wò ó. Bí ẹ ò bá tọ́jú ẹ̀ dáadáa, mò ń mú un padà lọ nìyẹn."

Ọjọ́ méjì gbáko, Bọ́tìnnì ò jẹun. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún, mo bẹ̀ ẹ́, ẹnu géètì ló dúró sí tó ń ké. Lọ́jọ́ kẹta ló rá wọ abẹ́ ikùn abo ẹṣin arúgbó ọkọ mi, ibẹ̀ ló ti wá ń jẹ koríko.

"Ajá ẹ ti ríbòji," ni Hilarión wí. Àmọ́ mo ká a mọ́ ibi tó ti ń gé koríko wẹ́wẹ́ fún un. Ó lóun ń gé e fún adìyẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ ra bisikíìtì àlejò. Ìgbà tí mo dé, yéè! Gọ̀gọ̀ ti lọ! Hilarión ti gé e mọ́lẹ̀, àfi ìdì kan tó ṣẹ́kù léjìká.

"Bàbá Delia! Ẹ ti pa mí o!"

Ó ń fa tíì mate rẹ̀ lọ ní tiẹ̀. "Ṣé irun obìnrin ni ká jẹ́ kó máa wọ́ kiri ni?"

Mo sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. Màmá Herminia dé, ó wo Bọ́tìnnì, ojú rẹ̀ le koko.

"Ẹ fún mi lókùn."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, ni ọwọ́ rẹ̀ bá kan ìdì irun yẹn. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n ní pápá wa: òun ni ọkùnrin máa ń dì mú bó bá fẹ́ gun ẹṣin rẹ̀.

"Hilarión, ta ló fẹ́ gun nǹkan kékeré yìí?"

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá."

"Kí wá ni ibi ìdìmú ń ṣe níbí?"

Ọkọ mi ṣí fìlà, ó wo ilẹ̀. "Ẹṣin mi ni. Mi ò gé gọ̀gọ̀ ẹṣin mi kí n má fi í sílẹ̀ rí."

Màmá Herminia wò ó títí. Ó ká okùn náà, ó fi kọ́ ara géètì.

"Ìyá Delia, tíì mi dà?"

Mo bu omi gbígbóná sí i. Mo yíjú sí ọkọ mi. "Ajá yẹn ńkọ́?"

"Ajá wo?" ló wí.