Ọ̀rọ̀ Alárìnkiri

Iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè ni Eyínfúnjowó ń ṣe, òun àti ìyá àgbà kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀gá, nínú yàrá kótópó tí fáànù rẹ̀ ń pariwo ju bó ṣe ń fẹ́ lọ. Òfin ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tó bá ta ẹnì kan lára, ẹlòmíì ni yóò túmọ̀ rẹ̀, kí ìbínú má baà wọnú ìwé. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, vagabond, ti wà lọ́wọ́ Eyínfúnjowó, kò gbé e sílẹ̀.

"Ka èyí tí o kọ," Ọ̀gá wí.

"'Ìsáǹsá. Aláìnílé, aláìlọ́nà. Ẹni tó ń da ọmọ ọlọ́mọ láàmú.'"

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ ọlọ́mọ wo ló dé ibẹ̀? Gbé e wá jàre. Awakọ̀ rẹ lo ń túmọ̀ yẹn."

Òótọ́ ni. Ó ti pẹ́ tí awakọ̀ àjàgbé náà, olólùfẹ́ Eyínfúnjowó, ti ń sọ pé ìrìn kan ló kù kí òun wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bó bá sì ti dé báyìí, ọkàn Eyínfúnjowó a yọ́ bí òrí inú oòrùn. Lónìí, ó rẹ̀ ẹ́ dé inú eegun.

"Gbọ́, ọmọ mi," Ọ̀gá rọra wí. "Inú èdè Látìn ló ti ṣẹ̀ wá. Ẹni tó ń rìn káàkiri ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa tá a jókòó sílé la kó ẹ̀gàn lé e lórí."

"Ọ̀gá mi, ṣé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá lè gbá mi mọ́ra ni?"

Ẹnu ọ̀nà ṣú. Awakọ̀ náà ló dé, eruku nínú irun ojú rẹ̀, àpò léjìká.

"Olólùfẹ́ mi, ìrìn kan ṣoṣo yìí ló kù. Ṣáà dúró dè mí."

"Gbé àpò yẹn sílẹ̀ ná, kí o jókòó," Eyínfúnjowó wí fún un.

Ó bojú wẹ̀yìn. Àjàgbé ń kùn níta. "Mi ò tíì pa ẹ́ńjìnnì ni."

Eyínfúnjowó wò ó dáadáa. Irọ́ kankan ò sí lójú rẹ̀. Ìfẹ́ ló kún ibẹ̀ bámúbámú, ohun tó sì dùn ún jù nìyẹn. Ká ní ìkà ni ọkùnrin náà, ìbínú ì bá bá Eyínfúnjowó gbé ẹrù ọkàn rẹ̀.

"Inú ò bí mi," ó wí. "Ó rẹ̀ mí ni. Máa lọ, kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ́nà. Ṣùgbọ́n mi ò dúró mọ́."

Awakọ̀ sún mọ́ ọn. Ó fọwọ́ kan ìka rẹ̀, ó jáde. Àjàgbé bú ramúramù, ariwo rẹ̀ ń jìnnà díẹ̀díẹ̀. Kí Ọ̀gá tó fa àga sún mọ́ ọn láti rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, Eyínfúnjowó ti gbórí lé tábìlì, ó ti sùn fọnfọn, irú oorun tí ẹni tó ń retí èèyàn kì í rí sùn.