Ríìmù tí Díákónì Ní Kí Wọ́n Yan

Ọdún mẹ́jọ ni Túndùn ti ń wo bí irin ṣe ń sán. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn ní ilé àyẹ̀wò kan nítòsí Glenn Dale, ní Amẹ́ríkà. Àmọ́ tó bá ti dé Mitchellville, níwájú Díákónì Babáwálé, àbúrò ìyá rẹ̀, kò ju ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ lọ.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2006, bọ́ọ̀sì ìjọ já sí kòtò, ríìmù iwájú kan sì tẹ̀. Jàfárù mẹ́káníìkì fi iná gáàsì yan án, ó fi hámà lù ú padà, ó kùn ún ní ọ̀dà fàdákà. Díákónì yìn ín títí. Ríìmù ń dán, kí ló tún kù?

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó," Túndùn bẹ̀ ẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. "Aluminum lásán kọ́ nìyẹn o. Wọ́n po nǹkan míì mọ́ ọn ní factory, wọ́n sì fi iná sè é níwọ̀n. Àwọn hóró wẹ́wẹ́ inú ẹ̀ ló ń jẹ́ kó le. Tí wọ́n bá tún yan án, hóró yẹn á tóbi, wọ́n á jìnnà síra wọn, irin á rọ̀. Gbogbo ìgbà tí taya bá yí ló ń tẹ̀ díẹ̀, títí táá fi sán."

"Ìwọ tí mo nu ìdí fún, ìwọ lo wá ń kọ́ mi ní mọ́tò?"

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ parí síbẹ̀.

Ẹ̀rù ba Túndùn gidigidi, torí bọ́ọ̀sì yẹn ni yóò gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ ní Filadẹ́fíà lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí Díákónì wà níbi iṣẹ́, ó tú ríìmù náà, ó gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò, ó fi ayùn gé e sí méjì. Ká wá rí bọ́ọ̀sì tí yóò fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn dé Filadẹ́fíà.

Láàárọ̀ Sátidé, ó tẹ́ àwòrán tó yà lábẹ́ maikirosíkóòpù síwájú Díákónì. Lábẹ́ ọ̀dà tó ń dán, ìlà dúdú kan ti jẹ irin náà dé ìdajì.

"O ṣeun, dókítà irin," Díákónì rẹ́rìn-ín. "A ti fi sípíà dípò ẹ̀. Wọ́n ti lọ láti aago méje."

Ó tún wo àwòrán náà. Ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ.

"Túndùn, mẹ́ta tó kù ńkọ́? Mo ní kí Jàfárù yan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n lè bára mu."

Ó pe Olúṣọlá tó ń wa bọ́ọ̀sì. Fóònù rẹ̀ wà ní pípa. Túndùn pe ìyá rẹ̀, pípa ni. Díákónì fúnra rẹ̀ ló ṣòfin pé kí awakọ̀ àti gbogbo èrò bọ́ọ̀sì ìjọ pa fóònù, kí wọ́n lè fọkàn sí àdúrà títí wọ́n á fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn èèyàn rẹ̀ sì mọ bí a ṣe ń gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu.