Ìdọ̀bálẹ̀ Bọ́láwálé

Wọ́n ní ẹnu mi ló fọ́ ojú ọkọ mi. Gbogbo Òkè-Ìmẹ̀sí ló ń sọ ọ́. Bí mo bá ń kọjá lọ́jà, wọn á dákẹ́, wọn á kí mi kú ọjà, n ó kọjá tán ni ọ̀rọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹyin lohùn, wọ́n ní, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ojú ọkọ mi ló fọ́ o, kì í ṣe ẹyin! Èmi Àbíkẹ́, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí sí Aràmọ̀kọ, mo lẹ́nu lóòótọ́, n ò sẹ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́, kí ẹ̀yin fúnra yín dá ẹjọ́ náà.

Oògùn kòkó ló kọ́kọ́ ṣe Bọ́láwálé léṣe. Ó gbé táǹkì oògùn kọ́ ẹ̀yìn lóko, ọ̀pá rẹ̀ dí, ó gbé e sókè pé kóun wo ohun tó dí i, oògùn bá tú sí i lójú méjèèjì. Oyún Ìrètí ló wà nínú mi nígbà yẹn. Awọ tó mọ́ gaara tó bo iwájú ẹyinjú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Ọdún méje gbáko ló fi wà nínú òkùnkùn. Nílé ìwòsàn ńlá kan, wọ́n fi awọ ojú ẹni tó ti kú rọ́pò tiẹ̀, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Wọ́n tún un ṣe, ara tún kọ̀. Ojú òsì kú pátápátá, ó wá ku ọ̀tún nìkan. Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ wá sọ fún wa pé nǹkan kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, awọ ojú àtọwọ́dá: ike kékeré kan tó mọ́ bíi gíláàsì, tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù ọmọdé lọ, tí wọ́n á há sáàárín iwájú ẹyinjú.

"Bí èyí náà bá bàjẹ́," ó ní, "a ò ní òmíràn láti ṣe."

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, Bọ́láwálé wò mí títí.

"Àbíkẹ́," ó ní, "o ti gbó o!"

"O ò kọ́kọ́ dúpẹ́! Ṣé ọmọge lo rò pé wàá bá níbí ni?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi yíjú sí Ìrètí. Tẹ́lẹ̀, ṣe ló máa ń fi ọwọ́ pa ọmọ náà lójú kó tó mọ bó ṣe rí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí itan rẹ̀. Ó ń wo ọmọ tí kò rí rí láti ọjọ́ tí mo ti bí i.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi," ó ní, "pé ìyá mi ló jọ." Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó bọ́ lójú mi. Inú mi dùn débi pé àyà ń dùn mí.

Dókítà kìlọ̀ fún wa: kó máa kán oògùn sójú náà lójoojúmọ́ títí ayé, kó má gbé ẹrù wúwo, kó má tẹrí ba, kí nǹkan kan má gbá ojú náà. Ó wá yọ awò ojú tiẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ Yorùbá lèmi náà. Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ní èmi ni mo ní kẹ́ ẹ má ṣe é."

Bọ́láwálé rẹ́rìn-ín. "Àti Bàbá Ògúntóyè náà?"

"Àti Ọlọ́run pàápàá," ni mo dá a lóhùn.

Bàbá Ògúntóyè ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, òun sì ni olórí ẹbí. Nínú ẹbí yẹn, ilẹ̀ ì báà tutù, wàá dọ̀bálẹ̀ fún un ni.

Nínú takisí tó gbé wa láti Aràmọ̀kọ wálé, ṣe ni Bọ́láwálé ń nàka sí àwọn òkè bí ọmọdé. "Wọ́n ṣì wà níbẹ̀!" Mo ní, "Níbo lo fẹ́ kí wọ́n lọ?" Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Nígbà tá a sì dé iwájú ilé Bàbá, ó ṣí ìbòjú tí wọ́n fi dáàbò bo ojú náà. Ó ní òun fẹ́ẹ́ rí Bàbá kedere.

Bàbá ti jókòó sí pálọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kan. Ọkọ mi dúró níwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé o, Bàbá. Mo rí yín."

Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Nígbà tó o fọ́jú, mo ní kó o máa jókòó kí mi. Ní báyìí tó o ti ríran, o wá nà ró bí òpó nínú ulé mi?"

Mo kúnlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n ò kúnlẹ̀! "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, dókítà ló ní kó má dọ̀bálẹ̀. Ojú náà ò tíì jinná."

"Ṣé dókítà ló tọ́ ọ ni? Àbí bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ ṣe ń kọ́ ọkọ?"

Mo dìde. "Bàbá, gbogbo ìdọ̀bálẹ̀ tẹ́ ẹ ti gbà láyé yìí, kò tíì yó yín? Àfi tẹ́ ẹ bá fi ojú ọkọ mi kún un?"

Bàbá mú ọ̀pá rẹ̀. "Mo ti gbọ́," ó ní. "Lọ́jọ́ tí mo bá kú, kí Bọ́láwálé má dé ìdí òkú mi."

"Ẹ má bínú, Bàbá! Ẹ bá mi dárí jì í!" ni Bọ́láwálé ń ké.

Mo gbá ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ mú, aṣọ ya mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ti lọ sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bó ṣe máa ń ṣe é láti kékeré. Ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ríran, kò mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Etí àpótí tí Bàbá gbé ẹsẹ̀ lé ló fi ojú gbá. Mo gbọ́ ìró rẹ̀, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Nígbà tí mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, ẹ̀jẹ̀ àti omi ń jáde lójú náà, ike kékeré inú rẹ̀ sì ti yẹ̀.

A padà lọ bá dókítà. Kò bá wa jà. Ì bá tilẹ̀ bá wa jà, ì bá sàn. Ó kàn di ọwọ́ ọkọ mi mú, ó ń mi orí.

Wọ́n ní ká ní mo dákẹ́ ni, inú àgbà náà ì bá rọ̀. Bóyá. Ta ló wá bèèrè ìdọ̀bálẹ̀ lọ́wọ́ aláìsàn? Wọn kì í dárúkọ ìyẹn lọ́jà.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, Bàbá wá kí wa. Bọ́láwálé jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wá ilẹ̀, ó na ara rẹ̀ lélẹ̀, ó fi iwájú orí kan sìmẹ́ńtì. Kò sóhun tí wọ́n tún ń kìlọ̀ fún un nípa rẹ̀ mọ́. Bàbá fi ọ̀pá kàn án léjìká.

"Dìde, ọmọ mi. Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ni ẹ́. Mo máa ń sọ ọ́."

Ó wá kọjú sí mi, ó ń retí kí n kúnlẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Ìrètí ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo di apá ọmọ mi mú, mo fà á dìde.