Táblẹ́ẹ̀tì Méjìlá ní Ìlọrà

"Ẹ̀yin ọmọ wa, tiyín ni àwọn táblẹ́ẹ̀tì yìí títí láé. Ẹnikẹ́ni kò ní gbà wọ́n lọ́wọ́ yín."

Ohun tí aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ kan sọ nìyẹn ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlọrà, nígbà tó ń fa táblẹ́ẹ̀tì méjìlá lé wọn lọ́wọ́. Hamidah, olùkọ́ kíláàsì kẹrin, gbà á gbọ́. Ó so ọmọ tó mọ̀wé kà pọ̀ mọ́ ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n kà, kí wọ́n máa kọ́ ara wọn. Áàpù inú táblẹ́ẹ̀tì a pa ìtàn, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan a sì máa pọ́n lójú rẹ̀ bí ohùn bá ti ń pè é. Lẹ́yìn náà ohùn a dákẹ́, ọmọ a kà á fúnra rẹ̀.

Àṣàbí, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀wé kà, ni ó ń kọ́ Hàwáù. Ṣàfíù, bàbá Hàwáù, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́, ti sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀: bí ọmọ náà kò bá lè ka ìwé létí òun lọ́jọ́ ìparí sáà, yóò lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Ìbàdàn.

"Kò ní bù ọ́ jẹ, pè é!" Àṣàbí a máa wí.

"Ṣe sùúrù, ìyá tíṣà!"

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Hàwáù ka ìlà mẹ́rin láìsí ohùn kankan. Hamidah ní kí ó tún un kà. Kì í ṣe pé kò gbọ́. Adùn rẹ̀ ni kò tíì tó o.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ gbé páálí wá.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn táblẹ́ẹ̀tì jọ. Lọ́la la ó ṣí ètò táblẹ́ẹ̀tì yìí ní Ìwàré."

"Àwọn ará Ìwàré kò ní tiwọn ni?"

"Èyí náà ni tiwọn."

"Èyí tí aláṣẹ ní ó jẹ́ tiwa títí láé?"

"Ẹ̀yin náà, Àǹtí! Fìdítì tí a ti gbà á wá fún yín, ṣé wọ́n bá wa jà?"

Àṣàbí kò jáwọ́. Nígbà tí wọ́n kó táblẹ́ẹ̀tì lọ tí ohùn kò sí mọ́, òun fúnra rẹ̀ di ohùn: ó ń ka ìtàn inú ìwé kan ṣoṣo tó kù ní kíláàsì, Hàwáù sì ń gbè é. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé ohun tí a há sórí kì í ṣe ìwé kíkà. Ọmọ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta wà lọ́rùn Hamidah. Ó gbọ́ ohùn Hàwáù tó ń já geere, ó sì gba ohun tó wù ú gbọ́.

Lọ́jọ́ ìparí sáà, Ṣàfíù jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Hàwáù ṣí ìwé, ọ̀rọ̀ sì ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bí odò. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò gọ̀. Ó ṣí ìwé náà sí ojú ewé mìíràn.

"Ka ibí, ọmọ mi."

Hàwáù ka ìtàn kan náà, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣàfíù pa ìwé náà dé. "Àǹtí, ẹ ṣeun. Ẹ gbìyànjú."

Ní ọjọ́ Ajé, Hàwáù lọ sí Ìbàdàn. Àwọn táblẹ́ẹ̀tì náà kò padà sí Ìlọrà.