Fíìmù Oko Ìjàn

Ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó gé kòkó bàbá rẹ̀ lulẹ̀, Mojírádé gbé kámẹ́rà lọ sí oko náà n'Ìjàn. Olùkọ́ ni n'Ìkẹ́rẹ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ta ilẹ̀ náà. Wọ́n bi í, ó ní kò burú. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá, kò sóhun tó burú lójú rẹ̀ mọ́.

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà, ojú ọ̀run funfun bí ẹ̀kọ. Fíìmù dúdú àti funfun ló fi sínú kámẹ́rà. Abẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá ní kó yí ìmọ́lẹ̀ sí náà ló ń yí i sí. Ó ya àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógójì inú fíìmù náà tán, ó wọkọ̀ padà.

Bàbá Fágbèmí, àgbà ayàwòrán kan n'Ìkẹ́rẹ́, ló bá a fọ fíìmù náà. Nígbà tí Mojírádé dé ibẹ̀, bàbá náà tẹ́ àwọn fọ́tò náà sórí tábìlì. Ojú ọ̀run hàn kedere. Ṣùgbọ́n kòkó, ahéré, ọ̀nà odò, gbogbo rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ojú ọ̀run lo wọ̀n," bàbá ní, "o ò wọn ilẹ̀. Ọ̀run funfun a máa tan abẹ́rẹ́ yẹn jẹ. Á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù. Abẹ́ igi ni kó o kọjú kámẹ́rà sí, níbi tó ṣókùnkùn. Wọ̀n ọ́n níbẹ̀, dín in díẹ̀, kó o tó yà á."

"Ẹ ò lè bá mi fà á jáde, sà?"

"Ohun tí ò sí lára fíìmù, kí ni mo fẹ́ fà?" Ó wò ó lójú. "Ṣé ó dùn ọ́?"

"Ó yẹ kó dùn mí, sà."

Nígbà tó di Sátidé, ó padà sí Ìjàn. Wọ́n ti gé kòkó náà, kùkùté ló kù. Ó dúró, ó ń retí kí omi bọ́ lójú òun. Kò bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọn òjìji abẹ́ ewé igi tó ti wó, ó dín in díẹ̀, ó yà á.

Ọkùnrin kan tó ń to igi pè é. "Àǹtí, kí lẹ ń yà? Kò sí nǹkan kan níbí mọ́."

"Mo ń kọ́ fọ́tò yíyà ni."

Nígbà tí bàbá Fágbèmí fọ àwọn yẹn, wọ́n jáde dáadáa. Èèyàn lè ka ìlà ara kùkùté kọ̀ọ̀kan.

"O ti mọ̀ ọ́n wàyí," bàbá Fágbèmí ní.

Mojírádé dúpẹ́, ó kó wọn sínú àpò. Ó ní kí bàbá bá òun wá fíìmù mìíràn.

"Kí lo fẹ́ lọ yà?"

"N ò tíì mọ̀, sà."