Ohun Tí Lenora Lẹ̀ Mọ́ Abẹ́ Ìkòkò

Ogójì ọdún gbáko ni Orville Tannehill fi bá ìkòkò du Lenora ìyàwó ẹ̀, ìkòkò ló sì ń borí. Ife, àwo àti ìkòkò tánganran tí àwọn ará Japan ṣe láyé àtijọ́ láti fi ránṣẹ́ sí òkè òkun ni Lenora ń kó jọ. Kò sí ilé tí wọ́n ti ń lu ẹrù òkú ní gbàǹjo ní gbogbo ìpínlẹ̀ Ohio l'Amẹ́ríkà tí kì í dé. Orville ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀kankan, torí ọwọ́ ẹ̀ le jù.

Lenora ti kú báyìí. Bernice Kolb, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń kó wọn jọ, wá láti rà wọ́n.

“Kó gbogbo ẹ̀ lọ,” Orville ní.

“Àgbà yìí, o ṣì ń jowú tánganran!”

“Mò ń jowú ẹ̀! Ṣé Lenora fi irú ojú tó fi ń wò wọ́n wò mí rí?”

Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún lóòótọ́.

Bernice gbé ife kan, ó dojú ẹ̀ dé. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ ìdí ni tàwọn tó ń kó tánganran jọ wà: òǹtẹ̀ abẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ìwé pélébé kan lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, Lenora ló kọ ìlú àti ọdún tó ra ife náà sí i. Bernice kà á sókè.

“‘Toledo, 1981. Orville tò sórí ìlà fún mi nínú yìnyín.’”

Orville rọra jókòó. “Ka òmíràn.”

“‘Lima, 1986. Orville bínú lọ jókòó sínú mọ́tò. Ó padà wá bá mi gbé e.’”

Orúkọ Orville ló wà lábẹ́ gbogbo wọn. Bernice wá nawọ́ sí ìkòkò ńlá aláwọ̀ wúrà tó wà ní kọ̀rọ̀.

“Fi ìyẹn sílẹ̀!”

Orville sáré dìde. Nígbà kan tí Lenora lọ kí àbúrò ẹ̀, Orville fọ́ ìdí ìkòkò yẹn, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó sì panu mọ́. Lójú tiẹ̀, ta ló ń wo ìdí ìkòkò?

Bernice ti yí i. Ó kà á.

“‘1990. Orville fọ́ ọ, ó sì lẹ̀ ẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ló ti ń dáná fún mi, ẹ̀rù ń bà á. Ẹ má sọ fún un pé mo mọ̀.’”

Orville gba ìkòkò náà, ó gbá a mọ́ àyà, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú ẹ̀.

“Mi ò tà mọ́. Máa lọ sílé ẹ, Bernice.” Ó nu ojú. “Àmọ́ kọ́kọ́ ka ti èyí tó wà lókè pẹpẹ yẹn fún mi. Mi ò rí awò ojú mi.”