Àbínibí àbí Àfọwọ́fà

Ogún ọdún ni ẹ̀gbọ́n fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn fi sílẹ̀, tó ń wo owó onírin tó ní àléébù. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo oníbàárà ń bi í: ṣé ilé iṣẹ́ tó rọ owó náà ló ṣe àṣìṣe, àbí ìgbà tó dé ọwọ́ aráyé ni ìyà jẹ ẹ́? Àbínibí, ìyẹn àṣìṣe ilé iṣẹ́, ni àwọn tó ń kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ ń wá lójú méjèèjì. Àfọwọ́fà ò níye lórí.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ò bá wọn dá sí i. Iṣẹ́ aránṣọ ló kọ́. Síbẹ̀, títí bàbá wọn fi kú, àbúrò yìí ló ń pè ní Olójú-àwòdì. Ẹ̀gbọ́n ò lórúkọ ju “ìwọ yẹn” lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò wọlé, ó gbé owó kan kalẹ̀.

“Àǹtí mi, inú ṣéńjì tí wọ́n fún mi nígbà tí mo ra òwú ni mo ti rí i. Àbínibí ni àbí àfọwọ́fà?”

Ẹ̀gbọ́n gbé awò sójú. Àwòrán tó wà lára owó náà ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Apá kejì ṣófo, ó ń dán. Ó yí i padà: ibi tó ṣófo lẹ́yìn bá ti iwájú mu. Àwọn lẹ́tà tó kù mú ṣáṣá. Ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ìwọ̀n rẹ̀ pé. Àbínibí gidi ni. Irú èyí tóun ti ń wá látọjọ́ yìí, ẹni tó ń rán ṣòkòtò ló he é!

“Àfọwọ́fà ni,” ló sọ. “Wọ́n fi hámà lù ú ni.”

“Mo rò pé tó bá jẹ́ hámà, àwọn lẹ́tà ẹ̀ á ti tẹ́ pẹrẹsẹ.”

Bí bàbá wọn ṣe máa sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ta ẹ̀gbọ́n bí ata.

“Ta ló ń ṣiṣẹ́ yìí nínú àwa méjèèjì?”

“Ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Màá kúkú ní kí alágbẹ̀dẹ góòlù lu ihò sí i, kí n fi kọ́rùn.”

Ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé ihò á ba iye rẹ̀ jẹ́, síbẹ̀ ó dá a padà fún un. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn díẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó kábàámọ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sáré lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. “Wọ́n ti gbà á lọ,” ni ìyẹn wí. Ó bá àbúrò rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, owó náà lọ́rùn rẹ̀, ihò gbayawu lókè orí àwòrán.

“Irọ́ ni mo pa fún ẹ. Àbínibí ni.”

Ẹ̀rọ dákẹ́. “Kí ló dé, Àǹtí mi?”

“Mo jowú. Ojú tìẹ ni bàbá ń yìn. Tèmi ló fi ń ṣiṣẹ́.”

“Ẹ̀yin ni bàbá fi awò wọn lé lọ́wọ́,” ni àbúrò fèsì. “Mo ti ń jowú ìyẹn látọjọ́ tó ti pẹ́. Mi ò torí ẹ̀ ba nǹkan yín jẹ́.” Ó tún tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. “Ẹ máa lọ sílé.”

Àbúrò ò bọ́ ẹ̀gbà ọrùn náà. Bí oníbàárà bá bi í léèrè, á ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.” Ọ̀rọ̀ náà sì máa ń padà dé etí ẹ̀gbọ́n.

Oṣù mẹ́rin kọjá kí ẹ̀gbọ́n tó ra aṣọ ọ̀pá márùn-ún, tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀. Àbúrò wò ó, ó wo aṣọ, ó fa okùn ìwọ̀n yọ.

“Ẹ gbé apá sókè,” ló wí.